Létúúsì inú Rọ́bà Áísìkirímù

Iyọ̀ ni Ṣọlápé kọ́kọ́ fi ba ewé náà jẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń sọ ọ́ kiri pé ọ̀tá ilé baba rẹ̀ ni ó ń rọ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Tí a bá rẹ ewé tútù sínú omi iyọ̀, iyọ̀ á fa omi inú ewé náà jáde, ewé á sì rọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjìlá ní nǹkan yìí, wọn kì í sì í bá mi jiyàn.

Aládùúgbò mi ni Ṣọlápé ní Thamesmead, ní Lọ́ndọ̀nù. Ó ń gbé ní àjà kẹta, èmi wà ní àjà kejì, bàkónì rẹ̀ sì wà lórí tèmi gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí ó bá fi wọn ewé rẹ̀ a máa kán sórí aṣọ tí mo bá sá. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Iṣẹ́ kéárà, ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni ó ń ṣe. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ilé ìyá òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Margaret ni ó máa ń wà, létí Woolwich Common, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó lójú fèrèsé kí ó sì máa wo bárékè àwọn ológun ní ọ̀ọ́kán.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ṣọlápé bí. Ìléríolúwa ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni ó wà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyá àti ọmọ ti fojú rí ara wọn kẹ́yìn. Ìwé tí ọmọ náà yóò fi wá bá ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, lọ́yà sì ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ni Ìléríolúwa yóò pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Lọ́yà sì ti sọ fún Ṣọlápé pé bí ìdáhùn kò bá tíì dé kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí ó má ṣe retí púpọ̀ mọ́, nítorí pé wọn kò ní ka ọmọ náà sí ọmọdé mọ́.

Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìsìn ìparí ọdún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Olúwa, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bá gbìn tí ó hù ní ilẹ̀ yìí, iwájú pẹpẹ Rẹ ni n ó fi ọwọ́ ara mi gbé e wá, kí eyín ẹnikẹ́ni tó kàn án. Jẹ́ kí ìwé ọmọ mi jáde."

Ṣọkọ ni ó fẹ́ gbìn. Ó ra irúgbìn rẹ̀ ní Plumstead High Street nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọkọ kò yọjú. Létúúsì tí ó gbìn sí igun kan nínú àpótí onípákó kan náà lórí bàkónì rẹ̀, nítorí pé àwòrán ara páálí rẹ̀ wù ú, ni ó hù.

"Létúúsì ni Ọlọ́run mú," ó sọ fún mi.

"Ojú ọjọ́ ni ó mú un," mo dáhùn. "Ṣọkọ kò fẹ́ràn òtútù."

"Ta ni ó ni ojú ọjọ́, Àǹtí?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń gba àkọ́so. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ń pe àwọn tí ó mú un wá. Ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, a sì yẹ ohun tí wọ́n mú wá wò fúnra rẹ̀. Ohun tí ó bá ní àbùkù kì í dé orí pẹpẹ. Ó ti dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó dúdú lẹ́yìn padà fún alàgbà kan rí, alàgbà náà sì gbé e padà sílé pẹ̀lú aṣọ ńlá lọ́rùn.

Láti ilé Margaret ni Ṣọlápé ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ padà sí Thamesmead láti já ewé, wọn yóò ti gba àkọ́so tán kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó dé Plumstead. Dandan ni kí ó já a ní ọjọ́ Ẹtì, kí ewé náà sì sun òru méjì lẹ́yìn tí ó kúrò lórí igi rẹ̀. Òru méjì péré ni ó ń bá jà.

Mo ní, "Jẹ́ kí n bá ọ já a láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n gbé e wá bá ọ."

"Ṣé ọwọ́ yín ni mo fi jẹ́jẹ̀ẹ́ ni?"

"Ó dáa, gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò rọ́pò mi."

"Ṣọlápé, ọ́fíìsì ìjọba ni ìwé ọmọ rẹ wà. Kò sí nínú létúúsì."

"Ẹ̀yin ni tíṣà, Àǹtí Bùsọ́lá," ó ní. "Èmi ni ìyá ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù karùn-ún dé. Aago méjì ọ̀sán ni ó já ewé náà, nínú oòrùn, nígbà tí òùngbẹ ti ń gbẹ ewé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Nílé, kò sí ẹni tí yóò fi sàláádì sẹ́nu láìkọ́kọ́ fi iyọ̀ fọ ewé rẹ̀, nítorí aràn àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Nílé, bí a bá sì ti fọ̀ ọ́ tán ni a ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tí ó ń fi í pamọ́ di ọ̀tunla. Ó kó o sínú náílọ̀nù dúdú pẹ̀lú omi lára, ó so ẹnu rẹ̀ le koko kí atẹ́gùn má baà wọlé, ó sì gbé e sínú fíríjì Margaret.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti tú u. Káyọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí ó máa ń fi àyè hàn wá, ni ó kọ́kọ́ yọjú wò ó.

"Áà! Sísítà Ṣọlápé, ṣé ẹ ti sè é wá ni? Ó ku ìyán."

"Dákẹ́, Káyọ̀."

"Mo ti dákẹ́, mà. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò dákẹ́."

Mọ́mì dé, ó wo inú náílọ̀nù náà, ó sì rọra di ẹnu náílọ̀nù náà padà. "Ọmọ mi," ó ní, "Ọlọ́run rí ọkàn rẹ. Gbé e lọ, kí o tún padà wá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì jẹ, àkọ́so ni síbẹ̀."

Mi ò fara mọ́ ìtumọ̀ yẹn. Ewé tí ó hù lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí Ṣọlápé lè mí. Ó kó ewé jíjẹrà náà padà sílé, ó sì rì í mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀ àpótí náà. Kò sí eyín tí ó kàn án.

Ní oṣù kẹfà, kò bi mí léèrè bí yóò ṣe tọ́jú ewé náà. Ó rántí pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bá bọ̀ tí a sì fún lè lo oṣù mẹ́fà nínú fírísà láìbàjẹ́. Kò sí ilé Yorùbá kan ní àgbègbè yìí tí fírísà rẹ̀ kò kún fún ẹ̀fọ́ àti ata lílọ̀. Ó wá kó létúúsì sínú fírísà Margaret. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ̀fọ́ tí a ti bọ̀ kò tún ní ohun tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, a ti ba ìyẹn jẹ́ nínú omi gbígbóná tẹ́lẹ̀. Omi inú létúúsì tútù ni ó ń di yìnyín, yìnyín náà a sì fa ara ewé ya láti inú. Nígbà tí ó yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ń dán bí dígí. Ó sọ fún mi pé òun rẹ́rìn-ín lórí bọ́ọ̀sì. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Plumstead, ó ti dà bí ìwé ìròyìn tí òjò pa. Kò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì rárá lọ́jọ́ náà. Ìdíkọ̀ ni mo ti bá a, ó gbé náílọ̀nù lé ẹsẹ̀, omi sì ti kán sára aṣọ rẹ̀.

Ìléríolúwa ni ó wà lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Màámi, ẹ ò ṣe kúkú jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́? Ewúrẹ́ kì í rọ."

"Ibo ni mo ti fẹ́ rí ewúrẹ́ sìn ní Thamesmead?"

"Bàkónì yín ńkọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó pa fóònù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì láti fi ọ̀nà tí ó tọ́ hàn án.

"Ewé tí a já kò tíì kú," mo sọ fún un. "Ó ṣì ń mí. Omi ń kúrò lára rẹ̀, kò sì ní gbòǹgbò mọ́ tí yóò fi fa òmíràn. Iṣẹ́ tìrẹ kò ju pé kí o jẹ́ kí ó máa mí jẹ́jẹ́ lọ."

"Bíi ti Margaret," ó ní.

"Mi ò ṣe àwàdà."

"Èmi náà kò ṣe é, Àǹtí."

Mo ní kí ó máa já a ní aago márùn-ún àárọ̀, kí oòrùn tó fọwọ́ kàn án, nígbà tí omi òru ṣì kún inú ewé. Kí ó jù ú sínú omi tútù nini lójú ẹsẹ̀, láìfi iyọ̀ sí i. Kí ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Àpò ìrọ̀rí tí ó mọ́ ni a lò fún èyí: a kó ewé sí i, a di ẹnu rẹ̀ mú, a sì ń fì í lórí bàkónì títí omi fi tán lára ewé. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ́ aṣọ ìnura kékeré tí ó tutù sínú ike tí ó ní ìdérí, kí ó to ewé lé e lórí láìfún un mọ́ra, kí ó sì fi ìyókù aṣọ náà bò ó.

Ó ti aṣọ bọ omi, ó fẹ́ tẹ́ ẹ.

"Mo ní kí ó tutù. Mi ò ní kí ó máa kán. Fún un."

Ó fún un.

"Tún un fún."

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí n fún ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀ ni?"

Mo sọ fún un pé ìsàlẹ̀ fíríjì ni kí ó máa gbé e sí, kí ó sì kó ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jìnnà sí i, nítorí pé èso tí ó ń pọ́n ní èémí kan tí ó máa ń tètè sọ ewé di àgbà. A dán an wò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ó ṣí i, ó mú ewé kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún kẹ́.

"Ó dún!" ó pariwo. "Àǹtí, ó dún!"

Kò fi sẹ́nu. Títí di òní, Ṣọlápé kò mọ bí létúúsì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ṣe rí lẹ́nu.

Ike tí ó wà nílé rẹ̀ kéré jù. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ mú rọ́bà áísìkirímù onílítà méjì kan wá, tí ata lílọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí òórùn ata fi kúrò lára rẹ̀. Mo rò pé mo ti ro ohun gbogbo. Ẹ wò ó, kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti ju ọdún márùn-ún lọ tí ó ṣì ń ṣí rọ́bà áísìkirímù kí ó máa retí áísìkirímù. Ọbẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀, tàbí ẹ̀gúsí, tàbí ẹja gbígbẹ. Nǹkan yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò wá sí mi lọ́kàn pé ilé ẹlòmíràn ni rọ́bà náà ń lọ.

Oṣù keje dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ ìró fífì àpò ìrọ̀rí lókè orí mi ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Ní alẹ́ ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láti ilé Margaret: rọ́bà náà wà ní ìsàlẹ̀ fíríjì, ápù ti lọ sórí tábìlì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ó tún fi òmíràn ránṣẹ́, ewé náà ṣì le dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ nípa Margaret. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ń fi irin ìtìlẹ́yìn rìn. Láti ìgbà Àjíǹde, tíì àti bísíkíìtì nìkan ni ó ń jẹ. Ṣọlápé a sè, a bẹ̀ ẹ́, a fi ṣíbí gbé e dé ẹnu rẹ̀, yóò sì yí ojú kúrò. Adrian, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá láti North Woolwich ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá wò ó. Lọ́jọ́ náà, ó ṣí fíríjì láti mú mílíìkì, ó rí rọ́bà náà. Kò ṣí i. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Áísìkirímù wà ní fíríjì yín. Bí ẹ kò bá jẹ nǹkan mìíràn, ẹ jẹ ìyẹn."

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ṣọlápé wà lókè, ó ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, Margaret ti wà nídìí tábìlì. Aṣọ ìnura kékeré náà wà ní títẹ́ níwájú rẹ̀, ìgò sàláádì kírímù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá arúgbó náà sì ń jẹ ewé ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń dún kẹ́, kẹ́.

Kò mọ orúkọ Ṣọlápé pè, mo ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì, mo gbìyànjú láti kọ́ ọ. "Ṣọ́lì," ó ní, "áísìkirímù yín yìí rí bákan."

Ṣọlápé sún mọ́ tábìlì, ó yọjú wo inú rọ́bà náà.

"Adrian ni ó ní áísìkirímù ni. Láti kékeré ni Adrian ti máa ń purọ́. Ṣùgbọ́n èyí dára. Ó ń dún. Bàbá mi máa ń gbìn ín." Ó tún nawọ́ sínú rọ́bà náà. "Ṣé ó ṣì kù?"

Ewé méjì ni ó kù, sàláádì kírímù sì ti kán sí wọn lára.

"Kí ni ǹ bá ṣe, Àǹtí?" ni ó bi mí lẹ́yìn náà. "Ṣé kí n já a gbà lẹ́nu ìyá arúgbó tí mo ti ń bẹ̀ láti oṣù kẹrin pé kí ó jẹun?"

Ó fún un ní ewé méjì náà. Dandan ni kí kéárà kọ ohun tí ẹni tí ó ń tọ́jú bá jẹ sínú ìwé kan tí ó wà nílé náà, nítorí náà ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé Margaret jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn èyí, ó fọ rọ́bà náà, ó wọ aṣọ tí ó lọ̀, ó sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn alákọ̀ọ́so, kò jáde. Ẹ̀yìn ni ó dúró sí, ó gbá rọ́bà òfìfo mọ́ àyà. Mọ́mì rí i, ó sì rìn wá bá a.

"Ewé ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ìyá òyìnbó ti jẹ ẹ́, mà."

Káyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Ṣọlápé, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Mọ́mì fi ọwọ́ kan èjìká Ṣọlápé, ó sì padà síwájú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lẹ́nu, nípa ẹni tí ebi ń pa àti ohun tí Ọlọ́run ń pè ní ẹbọ. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni. Mi ò sọ ọ́, nítorí pé rọ́bà tèmi ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀ lé e parí ìyókù. Létúúsì tí ooru bá mú a máa ga lójijì, a ta igi sókè láti so irúgbìn, oje funfun a yọ lára rẹ̀, ewé a sì korò. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bí ó bá gbin òmíràn, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ yóò ti kọjá kí ó tó ṣeé já. Kì yóò sì jẹ́ àkọ́so mọ́, eyín ti kàn án, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nípa ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo tún gbọ́ àpò ìrọ̀rí lókè. Omi kán sórí aṣọ mi. Mo gun òkè lọ. Ewé kíkorò náà ni ó já. Ó ní Margaret ń béèrè rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, pé kò ka ìkorò náà sí bí sàláádì kírímù bá ti wà. Mi ò béèrè nípa ìwé. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ kọjú sókè. Lọ́yà ti ní kí ó má pè mọ́, pé òun yóò pè é.

"Àǹtí, ọjọ́ mélòó ni ó lè lò nínú rọ́bà yìí kí ó tó bàjẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá gbọn omi rẹ̀ dáadáa, bóyá ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó ka ìka rẹ̀, ó tún un kà. "Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá," ó ní.

Kì í ṣe ọjọ́ ewé ni ó ń kà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ni. Mo wo aṣọ ìnura náà, ó ti fún un dáadáa. Mo wo ewé náà, kò fún un mọ́ra, kò sí omi lára rẹ̀, kò sì sí èso kankan nítòsí. Ó pa ìdérí dé. Ó mú bírò dúdú tí ó nípọn, ó kọ LÉTÚÚSÌ sórí ìdérí náà gàdàgbà, ó sì kọ orúkọ Margaret sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé rọ́bà náà sí ìsàlẹ̀ fíríjì, ó padà wá, ó sì jókòó ti fóònù.